Ẹsẹ̀ Kan Wú, Èkejì Kò Wú: Ọ̀rọ̀ Àsọyé Lórí Ẹ̀jẹ̀ Dídì Lára Obìnrin

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin àbúrò, ẹ kú ìjókòó o. Mo kí ẹ̀yin ọkọ mélòó kan tí ẹ sin ìyàwó yín wá náà. Ẹ má sá jáde, ọ̀rọ̀ yín ń bọ̀. Nígbà tí alága ń pè mí lórí fóònù, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ dákun, ẹ má fi gírámà pa wá." Mo ṣèlérí fún un. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo fi gbẹ̀bí kí n tó fẹ̀yìntì, mo sì ti rí i pé gírámà kì í wo aláìsàn.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí bàtà.

Àbúrò mi obìnrin, ọmọ ìyá mi, ni wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí rẹ̀. Ọjọ́ kẹjọ pé, a fẹ́ sọ ọmọ lórúkọ. Ó ti ra bàtà tó bá léèsì rẹ̀ mu láti ìgbà tí oyún ti wà ní oṣù keje. Ó ki ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ̀ ọ́, ó wọlé wẹ́rẹ́. Ó ki ti òsì, ó kọ̀. A bá a tì í, ó kọ̀. Ẹnì kan ní iyọ̀ ló pọ̀ jù nínú ọbẹ̀ ìyá ìkókó. Ẹlòmíràn ní omi tí wọ́n fà sí i lára nílé ìwòsàn ni kò tíì wálẹ̀. Ìyá àgbà kan fa ìyá wa sí kọ̀rọ̀, ó ní àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé ọmọ yìí ti tẹ nǹkan. Ìyá ọkọ rẹ̀, tó fẹ́ràn rẹ̀ bí ẹyin ojú, gbé omi gbígbóná ka iná, ó bu òrí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ẹsẹ̀ náà láti ọrùn ẹsẹ̀ lọ sókè. Ẹ óò bi mí pé, ìwọ nọ́ọ̀sì ńkọ́? Mo wà níbẹ̀. Mo ń pín ìrẹsì fún àlejò. Mo gba ibẹ̀ kọjá, mo ní, "Ó máa wálẹ̀."

Ìrọ̀lẹ́ ni télọ̀ tó rán aṣọ náà yà wá láti gba owó rẹ̀ tó kù. Ó wo ẹsẹ̀ àbúrò mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹsẹ̀ yìí ò dọ́gba o." Ó yọ tépù lọ́rùn ara rẹ̀, ó wọn ẹran tó wà lẹ́yìn ojúgun. Ọ̀tún, ínǹṣì 14. Òsì, ínǹṣì 15 àbọ̀. Ìgbà yẹn ni orí mi tó wálé. Inú aṣọ òde la wà tí a fi gbé e lọ. Ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ ní ká lọ fi ìrọ̀rí gbé ẹsẹ̀ náà sókè, ká padà wá lọ́jọ́ Ajé. A ò gbà. Èkejì ni wọ́n ti fi ẹ̀rọ skáànù wo itan rẹ̀, wọ́n sì bá ẹ̀jẹ̀ tó ti dì gbagidi nínú iṣan ńlá ibẹ̀.

Kò kú. Mo tètè sọ ọ́ kí ọkàn yín lè balẹ̀ gbọ́ mi.

Ó yẹ kí ẹ̀jẹ̀ máa dì. Ẹni tó bá ti dúmbú àgbò rí lọ́jọ́ Iléyá mọ̀ ọ́n: ẹ̀jẹ̀ á ṣàn wọ inú ihò, kí wọ́n tó bó awọ ẹran tán, ó ti ki bí ẹ̀kọ tó tutù. Bí ọ̀bẹ bá ya yín lọ́wọ́ nídìí ilá, dídì yẹn ló ń pa ojú ọgbẹ́ dé. Wàhálà dé nígbà tó bá dì síbi tí kò sí ọgbẹ́, nínú iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ padà lọ sí ọkàn, pàápàá iṣan tó jìn nínú ẹsẹ̀. Á wà níbẹ̀, á dí ọ̀nà, ẹsẹ̀ á wú. Bí díẹ̀ bá já nínú rẹ̀, á bá ẹ̀jẹ̀ lọ, á gba inú ọkàn kọjá, á sì lọ há sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ibẹ̀ ló ti ń pààyàn, ó sì lè má ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ.

Ẹ má pa á pọ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru o. Ìyẹn, ipá tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ara iṣan ló pọ̀ jù. Ẹ má sì pa á pọ̀ mọ́ nǹkan oṣù tó ń wá ní dídì-dídì. Àwọn ọmọbìnrin máa ń bá mi sọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀rù pé, "Mummy, ẹ̀jẹ̀ mi ń dì." Èyí tó jáde láti ilé ọmọ kò lè lọ há sínú ẹ̀dọ̀fóró ẹnikẹ́ni. Bó bá pọ̀ jù, ẹ lọ ṣàyẹ̀wò rẹ̀, ó lè jẹ́ fáíbírọ́ọ̀dù, èyí tí àwọn elégbòogi ń pè ní ìju, ṣùgbọ́n àìsàn mìíràn nìyẹn.

Oṣù kẹwàá, ọjọ́ kẹtàlá rẹ̀, ni wọ́n yà sọ́tọ̀ káàkiri àgbáyé fún ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ dídì. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n bí dókítà ará Jámánì kan, Rudolf Virchow, ní ọdún 1821. Òun ló là á yé àwọn ènìyàn pé ohun tó dí iṣan ẹ̀dọ̀fóró lè ti ibòmíràn já wá. Orúkọ rẹ̀ náà ni wọ́n ń dá mọ́ ohun mẹ́ta tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì níbi tí kò yẹ. Ìkíní, kí ẹ̀jẹ̀ dúró sójú kan, kó má ṣàn dáadáa. Ìkejì, kí ara iṣan gan-an fara pa. Ìkẹta, kí ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ máa yára dì ju bó ṣe yẹ lọ. Ohunkóhun tí mo bá dárúkọ lónìí, ẹ óò rí i pé inú ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí ló bọ́ sí. Oyún máa ń kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Kí n tó dé orí oyún, ẹ dìde. Gbogbo yín, ẹ dìde! Ìyá tí orúnkún ń dùn lè jókòó. Ẹ di àga iwájú yín mú, ẹ fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ dúró, ẹ gbé gìgísẹ̀ sókè... ẹ sọ ọ́ kalẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ fọwọ́ kan ẹran ẹ̀yìn ojúgun yín, ṣé ẹ rí bó ṣe ń le tó sì ń rọ̀? Ẹ̀rọ tó ń fa omi láti inú kànga nìyẹn. Ọkàn ló ń ti ẹ̀jẹ̀ wá sísàlẹ̀, ṣùgbọ́n láti gun òkè padà, ẹran yìí ló ń fún iṣan tí ẹ̀jẹ̀ fi ń lọ. Ẹni tó dùbúlẹ̀ sójú kan fún ọjọ́ mẹ́ta ti pa ẹ̀rọ rẹ̀. Ẹ jókòó, ẹ ṣeun.

Ọ̀pọ̀ yín ti gbọ́ pé oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí ń mú ẹ̀jẹ̀ dì. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ bí ọlọ́jà ṣe ń ṣírò. Ká ní a kó ẹgbàárùn-ún obìnrin jọ, ìyẹn 10,000, tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ ti ẹni tó ṣì lè bímọ, tí wọn kò lóyún, tí wọn kò sì lo oògùn náà. Ní ọdún kan, ẹni 1 sí 5 nínú wọn ni èyí máa ṣẹlẹ̀ sí. Ká kó 10,000 mìíràn jọ tí wọ́n ń lo oògùn oníhóró, èyí tó ní estrogen, họ́mọ́ọ̀nù obìnrin, nínú. Ó di 3 sí 9. Ká kó 10,000 aboyún jọ. Ó di 5 sí 20. Ká wá kó 10,000 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ jọ, ká sì fi òṣùwọ̀n ọdún kan náà wọ̀n wọ́n: 40 sí 65. FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, ló gbé iye wọ̀nyí jáde.

Ẹ tún un gbọ́. Oògùn tí ẹ ń bẹ̀rù, 3 sí 9. Ìyá ìkókó tí a ń jó yí ká, 40 sí 65. Mo ti rí obìnrin tó ju páálí oògùn nù nítorí ohun tó gbọ́ nípa ẹ̀jẹ̀ dídì, tó sì lóyún karùn-ún tí kò fẹ́ kí ọdún náà tó parí. Ó sá fún òjò, ó kó sínú odò. Nílé wa níbí, ẹ̀jẹ̀ tó ń ya lẹ́yìn ìbímọ là ń bẹ̀rù jù, a sì jàre, nítorí òun ló ń pa ìyá ìkókó jù lọ́dọ̀ wa. Ìyẹn ló jẹ́ kí ojú wa fo èkejì rẹ̀, èyí tí kì í ya, tó ń dákẹ́ sínú ẹsẹ̀.

Kí ló dé tí oyún fi ń ṣe èyí? Ara mọ̀ pé ọjọ́ ìkúnlẹ̀ ń bọ̀, ẹ̀jẹ̀ á sì ya. Láti oṣù àkọ́kọ́ ló ti ń múra: ẹ̀dọ̀ á máa pèsè ohun tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì lọ́pọ̀, ohun tó ń tú u ká á sì dínkù. Ẹlẹ́dàá ló ṣe é bẹ́ẹ̀, àánú ni, bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, ibi tí ibi ọmọ ti ya kúrò ì bá máa ṣàn títí tí ìyá á fi lọ. Ilé ọmọ tó ń tóbi sì tún ń tẹ iṣan inú ikùn, ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀ á wá máa falẹ̀ kó tó padà. Ẹ ẹ̀ rántí pé ẹsẹ̀ òsì àbúrò mi ni? Kì í ṣe kòńgẹ́. Nínú ikùn wa, iṣan ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹsẹ̀ ọ̀tún sùn lé orí èyí tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ bọ̀ láti ẹsẹ̀ òsì, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bí oyún bá wá tún wúwo lé e, ti òsì á fẹ́rẹ̀ẹ́ pa pọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé lára aboyún, ẹsẹ̀ òsì ló ń ṣẹlẹ̀ sí jù, kò sí pé ẹnì kan da nǹkan sílẹ̀ fún un láti tẹ̀.

Lẹ́yìn ìbímọ, ẹ̀jẹ̀ tó ń yára dì yẹn kò ní í padà sípò lọ́jọ́ kan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́ ló léwu jù, ọ̀sẹ̀ kìíní sí ìkẹta nínú rẹ̀ ló sì gbóná jù. Kí ni àwa ń ṣe ní ọ̀sẹ̀ yẹn? A ní kí ìyá ìkókó sinmi. A gbé oúnjẹ lọ bá a lórí ibùsùn, a gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, a ní kó má sọ̀ kalẹ̀. Ìfẹ́ ni. Ṣùgbọ́n kó sinmi kò ní kó dùbúlẹ̀ bí igi. Ẹni tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún gan-an, ọjọ́ kejì ni nọ́ọ̀sì ti máa ń ní kó dìde rìn. Inú máa ń bí àwọn ìyá ọkọ sí wa. Wọ́n á ní, "Ṣé ẹ fẹ́ pa á ni?" Ẹ jẹ́ kó rìn lọ sí ilé ìwẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ máa fún un lómi mu dáadáa.

Ohun mìíràn tún wà tó ń bù kún un. Kí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí, pàápàá èyí tó bá wọn lójijì. Kí ọjọ́ orí ti lé ní 35. Kí ènìyàn sanra jọ̀kọ̀tọ̀. Kí ó ti bí mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìbejì (ẹ̀yin tí ẹ ń gbàdúrà ìbejì, àmín, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí náà). Èébì oyún tó le débi pé omi tán lára. Gìrì aboyún àti ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń ṣáájú rẹ̀. Kòkòrò àrùn lẹ́yìn ìbímọ. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti ya púpọ̀ lára rẹ̀ náà wà níbẹ̀, tó fi mọ́ ẹni tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí lára. Ìyẹn máa ń ya àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ lẹ́nu, pé ẹni tó ń ṣòfò ẹ̀jẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ tún ń dì fún. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ya, ara á túbọ̀ pèsè ohun tó ń mú un dì. Aláìsàn náà á sì wà lórí ibùsùn, kò ní lè rìn. Ẹ rántí ohun mẹ́ta ti Virchow.

Ìyá kan á rò pé tálákà tí kò rí ìtọ́jú ni irú èyí ń ṣẹlẹ̀ sí. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 2017, Serena Williams, agbábọ́ọ̀lù tẹ́níìsì, bí ọmọbìnrin rẹ̀ nípa iṣẹ́ abẹ ní ìpínlẹ̀ Florida. Ẹ̀jẹ̀ ti dì sínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ rí ní ọdún 2011, oògùn tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ṣàn ló ń lò, wọ́n sì dá a dúró nítorí iṣẹ́ abẹ náà. Lọ́jọ́ kejì, èémí rẹ̀ kò já gaara mọ́. Ó rìn jáde nínú yàrá rẹ̀, ó bá nọ́ọ̀sì, ó ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ CT wo àyà òun, kí wọ́n sì fa heparin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, sí òun lára. Nọ́ọ̀sì rò pé oògùn ìrora ló ń dà á láàmú. Dókítà dé, ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ fi skáànù wò, kò rí nǹkan kan. Ìgbà tí wọ́n wá wo àyà tán, ẹ̀jẹ̀ dídì wà nínú ẹ̀dọ̀fóró. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ìtàn yìí fáyé gbọ́ ní ọdún 2018. Ohun méjì ni mo fẹ́ kí ẹ mú níbẹ̀. Ẹsẹ̀ lè mọ́ kedere kí ẹ̀dọ̀fóró má mọ́. Ìkejì, obìnrin mọ ara rẹ̀. Ó ní owó, ó ní orúkọ, síbẹ̀ ó ní láti tún ọ̀rọ̀ sọ kí wọ́n tó gbọ́. Ẹ̀yin ọkọ tí mo ní ọ̀rọ̀ yín ń bọ̀, òun nìyí: bí ẹ̀mí kò bá délẹ̀ fún un láti pariwo, ẹ̀yin lẹ máa bá a pariwo.

Àwọn ọmọ wa tó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ ọ̀rọ̀ yìí jù wá lọ. Nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe níbẹ̀ lórí ikú aboyún àti ìyá ìkókó láàárín 2020 sí 2022, ẹ̀jẹ̀ dídì ló gba ipò kìíní nínú ohun tó ń pa wọ́n, ikú obìnrin aláwọ̀ dúdú sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti aláwọ̀ funfun. Ìdí nìyẹn tí agbẹ̀bí ibẹ̀ fi máa ń ka àwọn ohun tí mo kà yìí lé aboyún lórí lọ́jọ́ tó bá kọ́kọ́ lọ forúkọ sílẹ̀. Bó bá pọ̀, wọ́n á fún un ní abẹ́rẹ́ tí á máa gún ara rẹ̀ lójoojúmọ́. Ọmọ á wá pe ìyá rẹ̀ ní Ìbàdàn: "Mummy, wọ́n ní kí n máa gún ara mi níkùn." Ìyá á ní, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Má gbà fún wọn, wọ́n fẹ́ fi ọ́ dánwò ni." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ìyá, ẹ jẹ́ kó gún un.

Ní ti oògùn oníhóró, ìtàn rẹ̀ dùn ún gbọ́. Ọdún 1960 ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí Enovid fún ìfètò-sọ́mọ-bíbí. Ọdún 1961, dókítà kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn Lancet pé nọ́ọ̀sì kan tó ń lo oògùn náà fún àìsàn ilé ọmọ ti ní ẹ̀jẹ̀ dídì nínú ẹ̀dọ̀fóró. Estrogen tó wà nínú oògùn ayé ìgbà yẹn pọ̀ ju ti òde òní lọ fíìfíì. Nígbà tí ilé aṣòfin àgbà Amẹ́ríkà pe ìpàdé lórí rẹ̀ ní 1970, ọkùnrin ni gbogbo ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ pè wá jẹ́rìí. Àwọn obìnrin dìde láàárín èrò, wọ́n bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn kò pe ẹni tó ń gbé e mì. Láti ọdún yẹn ni ìwé ìkìlọ̀ ti ń wà nínú páálí rẹ̀. Ìwé pélébé tí ẹ fi ń di ẹ̀pà, ìjà ni wọ́n jà kó tó débẹ̀.

Estrogen ni ẹjọ́ wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ń gba ẹ̀dọ̀ kọjá, ó ń sọ fún ẹ̀dọ̀ pé kó ṣe bí ẹni tó lóyún. Oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́ ló léwu jù, ẹni tó bá sì fi í sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ tó tún bẹ̀rẹ̀ ti padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má máa lò ó lóṣù yìí, kí ẹ fò ó lóṣù tó ń bọ̀. Kò tọ́ fún ẹni tí ìbímọ rẹ̀ kò tíì ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ ṣì ń yára dì. Kò tọ́ fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti dì fún rí. Ẹni tó ti lé ní 35 tó sì ń mu sìgá kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n lúùpù tí wọ́n ń fi sínú ilé ọmọ, àti èyí tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ apá, kò ní estrogen nínú. Bí wọ́n bá ti ka ewu lé yín lórí, àwọn wọ̀nyẹn wà. Ẹ má torí oògùn kan lé gbogbo ìfètò-sọ́mọ-bíbí jáde nílé.

Ẹ̀yin alálàájì tí ẹ ń lọ sí Mẹ́kà, ẹ fà mọ́ mi. Oògùn tí ẹ fi ń dá nǹkan oṣù dúró kí ó má bàa bá yín níwájú Kaaba, norethisterone ni orúkọ rẹ̀. Bí ẹ bá ń lò ó lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́, ara máa ń sọ díẹ̀ nínú rẹ̀ di estrogen, ó sì lè tó ohun tó wà nínú oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí kan. Ẹ wá fi jíjókòó nínú bàálù fún wákàtí márùn-ún tàbí mẹ́fà kún un, àti oòrùn Sáúdí tó ń fa omi lára. Mi ò ní kí ẹ má lò ó. Mo ní kí ẹ má kàn rà á lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì bí ẹni ra súìtì. Ẹ sọ fún dókítà bóyá ẹsẹ̀ yín ti wú rí, bóyá ẹbí yín kan ti ní irú rẹ̀.

Bàálù fúnra rẹ̀ kò léwu tó bí wọ́n ṣe ń pariwo rẹ̀. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ṣèwádìí rẹ̀, wọ́n gbé e jáde ní 2007: ìrìn àjò tó bá tó wákàtí mẹ́rin sókè máa ń sọ ewu di ìlọ́po méjì, ṣùgbọ́n nínú nǹkan bí 6,000 ènìyàn, ẹnì kan ni yóò ṣẹlẹ̀ sí. Kì í sì í ṣe bàálù nìkan, bọ́ọ̀sì tó ń ti Èkó lọ Àbújá náà wà níbẹ̀. Ẹ máa gbé gìgísẹ̀ sókè-sódò bí ẹ ti ṣe lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ̀yin ìyá tí nǹkan oṣù yín ti kásẹ̀ nílẹ̀, bí dókítà bá fún yín ní họ́mọ́ọ̀nù nítorí ooru tó ń mú yín lóru, ẹ bèèrè èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ awọ ara. Kì í gba ẹ̀dọ̀ kọjá bí èyí tí a ń gbé mì, ewu ẹ̀jẹ̀ dídì kò sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó ní jẹjẹrẹ wà nínú ewu nítorí àìsàn náà gan-an, tamoxifen tí wọ́n sì ń fún ẹlòmíràn fún ti ọmú tún ń fi díẹ̀ kún un. Kò yẹ kí ẹ fi í sílẹ̀ o. Kí ẹ máa ṣọ́ ẹsẹ̀ ni.

Àwọn kan wà tí ẹ̀jẹ̀ wọn ti ń wá ọ̀nà láti dì látilẹ̀wá. Ẹni tó ní fọ̀níkú-fọ̀ladìde wà lára wọn, bó bá sì lóyún, ó di méjì. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe O náà fi díẹ̀ ju olórúkọ O lọ. Èyí tó ń dùn mí jù ni àwọn obìnrin tí oyún ń wálẹ̀ lára wọn léraléra, tàbí tí ọmọ ń kú sínú. Nínú wọn, àwọn kan wà tí ọmọ ogun ara wọn ń bá ara wọn jà, tí ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ sì ń dì sínú ibi ọmọ tí ọmọ kò fi rí oúnjẹ jẹ. Àyẹ̀wò rẹ̀ wà. Ìtọ́jú rẹ̀ wà, aspirin kékeré àti abẹ́rẹ́ heparin, ọ̀pọ̀ wọn sì ti gbé ọmọ jó. Mélòó nínú wọn ni wọ́n ti fá lórí, tí wọ́n ti mú lo ọjọ́ lórí òkè àdúrà, tí wọ́n ti pè ní ẹlẹ́mìí ẹ̀ṣù, kí ẹnì kan tó ronú pé kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò? Àdúrà kò burú. Kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ náà fún àyẹ̀wò pẹ̀lú.

Kí ni ẹ óò rí? Ẹsẹ̀ méjèèjì tó wú lára aboyún wọ́pọ̀. Ẹ lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹsẹ̀ kan ló yẹ kó lé yín jáde nílé: kó wú ju èkejì lọ, kó máa dùn bí ìgbà tí iṣan bá fà, kó gbóná. Ẹ̀yin télọ̀, ẹ wọn méjèèjì ní nǹkan bí ínǹṣì mẹ́rin sísàlẹ̀ orúnkún. Bí ìyàtọ̀ bá ti ju ínǹṣì kan lọ, ẹ dìde. Bí tépù bá sì sọ pé wọ́n dọ́gba tí ẹsẹ̀ náà ṣì ń dùn yín, ẹ lọ síbẹ̀síbẹ̀. Ní ti ẹ̀dọ̀fóró, èémí tó ń já lójijì, àyà tó ń gún bí ọ̀bẹ nígbà tí a bá mí sínú, ọkàn tó ń sáré, ikọ́ ẹlẹ́jẹ̀, kí ojú ṣú kí ènìyàn ṣubú. Èyí kò ṣeé dúró de kí ilẹ̀ mọ́.

Bí ẹsẹ̀ kan bá wú báyìí, ẹ má wọ́ ọ. Mo mọ̀ pé ọwọ́ wa máa ń yá láti wọ́ nǹkan. Ohunkóhun tó bá ti dùn wá, òrí, róòbù, omi gbígbóná. Ẹ̀jẹ̀ tó dì yẹn rọ̀ bí ẹ̀dọ̀ ẹran, ọwọ́ tó ń fà á sókè lè já a. Nígbà tí mo ṣàlàyé èyí fún ìyá ọkọ àbúrò mi, ó jókòó sílẹ̀, ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Mo ní, "Màmá, ẹ ò mọ̀. Èmi tó yẹ kí n mọ̀, ìrẹsì ni mò ń pín."

Ìtọ́jú rẹ̀ kò ṣòro bí wọ́n bá tètè rí i. Abẹ́rẹ́ heparin ni fún aboyún, nítorí kì í gba ibi ọmọ kọjá dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Warfarin, oògùn oníhóró tí òun náà kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, èyí tí ìyá tó ti bímọ lè mu tó sì lè fọ́mọ lọ́mú, kò tọ́ sí oyún, ó máa ń ba ọmọ jẹ́. Ẹ mọ̀ ibi tí warfarin ti wá? Koríko tó bàjẹ́ ni màlúù jẹ ní Amẹ́ríkà, ni ẹ̀jẹ̀ bá ń ya lára wọn tí kò dá mọ́; wọ́n wá ohun tó wà nínú koríko náà rí, wọ́n sì kọ́kọ́ fi ọmọ ìyá rẹ̀ ṣe oògùn eku. Ẹ má jẹ́ kí èyí dẹ́rù bà yín. Ìwọ̀n ló wà níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ń lò ó wò lóòrèkóòrè.

Àbúrò mi lo oògùn rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Nígbà tó tún lóyún, dókítà ní ẹni tó ti ṣẹlẹ̀ sí lẹ́ẹ̀kan, abẹ́rẹ́ ni láti ìbẹ̀rẹ̀ oyún títí di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn ìbímọ. Abẹ́rẹ́ kan lóòjọ́, nínú ẹran ikùn, òun fúnra rẹ̀ ló ń gún un. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ ó ń sunkún, mò ń bá a di awọ ikùn mú. Nígbà tó fi di oṣù kẹrin, ó ń gún un tó tún ń bá ẹni tó ń ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ó ń kó èyí tó ti lò sínú rọ́bà áísìkirimù olómorí, méjì ló kún. Ọmọkùnrin ni ó fi bí, ọmọ náà ti ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ báyìí, orí rẹ̀ sì le bí òkúta. Bó bá kọ̀ tí kò jẹun, ìyá rẹ̀ á gbé ọwọ́ lé ìdí, á ní, "Ṣé o mọ iye abẹ́rẹ́ tí mo gbà nítorí ẹ?" Ọmọ á dáhùn láìwo ojú rẹ̀, "Ó ju 250 lọ, Mummy. Ẹ ti sọ ọ́ lánàá."